Ọkọ̀ Bọ̀gìnnì Àlòkù

Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí a bá fẹ́ mọ bí òwe yìí ti jinlẹ̀ tó, kí a wá ẹni tí ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bọ̀gìnnì tí ẹlòmíràn ti lò rí, kí a sì bi í léèrè iye tí ó rà á. Yóò dárúkọ iye náà kíákíá, nítorí pé kò pọ̀. Ṣùgbọ́n kí a tún bi í léèrè iye tí ó ti ná lé e lórí láti ọjọ́ tí ó ti gbé e dé ilé. Ìgbà náà ni yóò fi ọwọ́ họ orí, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ rò fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìwé ìròyìn wa yìí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ yangàn, kì í sì í ṣe pé mo fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Púpọ̀ nínú wa ni ó jẹ́ pé, bí a bá gba iṣẹ́ olùkọ́ tán, ọkọ̀ àlòkù ni a óò kọ́kọ́ rà, ìbáà ṣe ní Nàìjíríà, ní Gánà, ní Tógò tàbí ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ó dára kí a ti gbọ́n kí ọjọ́ náà tó dé.

Ní Nàìjíríà, tòkúnbọ̀ ni a ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé ọmọ tí a bí sí òkè òkun, tí ó sì padà wá sí ilé, ni wọ́n. Àwọn ọmọ náà sì pọ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń bójú tó ọ̀ràn àyíká gbé ìròyìn kan jáde ní ọdún 2020. Wọ́n ní láàárín ọdún 2015 sí 2018, ọkọ̀ àlòkù tí a kó láti ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn tó mílíọ̀nù 14, àti pé Áfíríkà ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù. Èyí tí ó ń bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ tiwa kì í sábà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn ará ibẹ̀ ń gbé ìdarí ọkọ̀ sí. Àwa pẹ̀lú ti ń wa ọkọ̀ ní apá òsì títì nígbà kan rí, ṣùgbọ́n Nàìjíríà yí padà sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù Igbe ọdún 1972, Gánà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1974. Láti ìgbà náà ni ojú wa ti wà ní ọ̀nà Jámánì, Bẹ́ljíọ̀mù àti Amẹ́ríkà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èbúté Kútọ̀nù ni ẹnu ọ̀nà ńlá tí púpọ̀ nínú wọn ń gbà wọ Nàìjíríà, títí ìjọba Nàìjíríà fi ṣòfin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a béèrè ìdí tí ọkọ̀ tí owó rẹ̀ ga bí òkè nígbà tí ó wà ní tuntun fi ń di ohun tí apá wa ká. Ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ Mercedes-Benz tàbí BMW tuntun ní Amẹ́ríkà a máa gba ìwé ìgbọ̀wọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é, pé bí ohunkóhun bá bàjẹ́ nínú rẹ̀ láìjẹ́ ẹ̀bi awakọ̀, wọn yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún 4, tàbí títí ọkọ̀ yóò fi rin máìlì 50,000, èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì. Bí gbèdéke yìí bá ti kọjá, olówó ọkọ̀ ni yóò máa dá gbogbo ìnáwó rẹ̀ gbé. Owó iṣẹ́ ọwọ́ sì wọ́n gidigidi ní ilẹ̀ wọn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn a tà á kí ìyà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni kejì yóò lò ó, ẹni kẹta yóò lò ó, lẹ́yìn náà ni yóò wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí ọ̀dọ̀ wa. Iyì ọkọ̀ náà a bá a dé. Onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ni kì í bá a wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí á fi sọ́kàn. Iye tí a ń ra ọkọ̀ a máa rẹlẹ̀ bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ohun èlò rẹ̀ kò mọ̀ pé ó ti di arúgbó. Owó ọkọ̀ ńlá ni a ó máa san lórí rẹ̀ títí láé. Ẹni tí ó ra ẹṣin ọba ní owó ẹṣin àgbẹ̀, oúnjẹ ẹṣin ọba ni yóò máa fún un jẹ.

Èmi kò ra tèmi rárá. Fífún ni a fún mi. Àbúrò bàbá mi kan, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Jọ́ọ̀sì nítorí pé ìlú Jọ́ọ̀sì ni ó ti ń ṣòwò láti ìgbà èwe rẹ̀, ni ó ni ọkọ̀ náà. Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti ṣe é ní ọdún 1994, Bàbá sì rà á ní Kútọ̀nù ní ọdún 2004. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ ní alẹ́, ó pè mí, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Ọmọ mi, máa wà á. Ọkọ̀ yìí ni ojú ilé wa ní ìlú yìí. Má ṣe jẹ́ kí ó dùbúlẹ̀ sí ojúde bí òkú ẹran.” Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́.

N kò lè purọ́, ọkọ̀ náà dára. Awọ ni wọ́n fi bo ìjókòó rẹ̀, pátákó dídán ni ó wà níwájú awakọ̀, bí a bá sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ìró rẹ̀ a dàbí ìgbà tí a bá rọra pa ìwé ńlá dé. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ a máa kí mi kí ó tó kí àwọn olùkọ́ mi. Àwọn tí ń ta epo a máa pè mí ní ọ̀gá. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí ní owó orí. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò, yóò sì dá iye tí ó bá ọkọ̀ mu lé mi lórí, kì í ṣe iye tí ó bá akẹ́kọ̀ọ́ mu. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá, ṣùgbọ́n ẹni tí ń gba owó kò náání òwe yìí.

Àìsàn àkọ́kọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà a máa kú lójijì lójú ọ̀nà, pàápàá bí ó bá ti gbóná. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó ní ó ti parí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó tún kú. Ẹni kejì pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, ó fi ọwọ́ sọ àyà, ó ní, “Mo gbọ̀wọ́ rẹ̀, bọ̀dá mi.” Lẹ́yìn ọjọ́ 10, ó tún kú. Ẹni kẹta ní ọpọlọ ọkọ̀ ni ó bàjẹ́, pé kí n lọ wá owó òmíràn wá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n gbọ̀wọ́ pẹ̀lú ẹnu. Kò sí ẹnì kan tí ó dá kọ́bọ̀ padà fún mi.

Rìwáyà àgbàlagbà kan, ọmọ Ìgbò tí ó ti gbó ní Jọ́ọ̀sì, ni ó tú àṣírí náà. Kò fọwọ́ kan ọpọlọ ọkọ̀ rárá. Ó wá ibi tí ìdì wáyà ti gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì kọjá, ó fi ìka méjì tẹ ọ̀kan ṣẹ́ díẹ̀, rọ́bà ara rẹ̀ sì hó bọ́ sílẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà gbígbẹ. Ó wí pé, “Tíṣà, wò ó.” Wáyà àti wáyà ti ń fi ihòòhò kan ara wọn. Irú rọ́bà tí a fi bo wáyà ẹ́ńjìnnì nínú àwọn ọkọ̀ Jámánì kan tí a ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àti àárín àwọn ọdún 1990 kò lè fara da ooru fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbígbẹ ni ó ń gbẹ, tí ó sì ń fọ́. Bí ògiri kò bá la ẹnu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ẹnu ògiri ni bàbá yìí wá lọ, nígbà tí àwọn yòókù ń lé aláǹgbá.

Ó fi ọjọ́ 4 tún ìdì wáyà náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo san owó rẹ̀ tán, ó ya ojú ewé kan nínú ìwé akọsílẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó kọ ọjọ́ náà, ó kọ ohun tí ó ṣe, ó sì kọ ọ́ pé bí ojú ibi tí òun so bá tú láàárín oṣù 6, òun yóò tún un so láìgba owó. Ó bu ọwọ́ lù ú. Ìwé ìgbọ̀wọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbà lórí ọkọ̀ náà nìyẹn, orí bébà aláìlórúkọ ni wọ́n sì kọ ọ́ sí.

Bàbá yìí kan náà ni ó fi hàn mí pé ẹnì kan ti yọ thermostat ọkọ̀ náà dànù. Ìlẹ̀kùn kékeré ni thermostat jẹ́ lójú ọ̀nà omi tí ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Yóò tì títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó bí ó ti yẹ, ní bí ìwọ̀n 80 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius, lẹ́yìn náà ni yóò ṣí kí omi lè lọ tutù nínú rẹdiétọ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ilẹ̀ wa a máa yọ ọ́, wọ́n a ní ooru ilẹ̀ wa kò fẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni kò rí. Ẹ́ńjìnnì tí kò bá gbóná tó bí ó ti yẹ yóò máa jẹ epo ju bí ó ti yẹ lọ, yóò sì tètè gbó. Bákan náà ni omi lásán tí a ń bù sínú rẹdiétọ̀ dípò omi aláwọ̀ tí a ṣe fún un: ìpẹtà ni ó ń bí.

Nígbà tí ara ọkọ̀ náà yá tán, tí mo rò pé mo ti bọ́, jíà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. N ó fi ẹsẹ̀ tẹ epo, ẹ́ńjìnnì yóò ké, ọkọ̀ kò sì ní í tètè gbéra. A fa ọ̀pá ìwọn òróró jíà yọ. Òróró tí ó dára a máa pọ́n, kì í sì í rùn. Tèmi ti dúdú, ó ń rùn bí ohun tí ó jóná. Ọ̀ràn wá di ọ̀ràn ìpinnu. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà níwájú mi.

Ọ̀nà kìíní ni kí n ra àpótí jíà àlòkù láti ọjà Ládípọ̀ ní Èkó. Owó rẹ̀ kéré jù, ṣùgbọ́n ìgbọ̀wọ́ rẹ̀ kò ju ọjọ́ mélòó kan tí a fi ń dán an wò lọ, ọjọ́ náà yóò sì ti parí kí ẹrù tó dé Jọ́ọ̀sì. Ọ̀nà kejì ni kí n gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tú jíà tò ní ìlú wa. Ìwé ìgbọ̀wọ́ oṣù 3 ni wọ́n ń fúnni, ṣùgbọ́n owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Ọ̀nà kẹta ni kí n tà á bí ó ti wà, fún ẹni tí yóò tú u sí wẹ́wẹ́. Ní oṣù yẹn kan náà, àbúrò mi obìnrin ń múra ìdánwò àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ girama, èmi ni mo sì ṣe ìlérí pé n ó san owó ìdánwò rẹ̀. Bí mo bá dá gbogbo owó ọwọ́ mi lé jíà, ọmọ náà yóò jókòó sílé. Bàbá Jọ́ọ̀sì ní ẹ̀gbẹ́ kejì ń wí pé, “Má tà á fún àwọn tí ń ta irin. Ojú ilé kì í ṣe ohun tí à ń tú sí wẹ́wẹ́.”

Kí n tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, mo ní kí àwọn tí ń tú jíà tò fún mi ní ìwé ìgbọ̀wọ́ wọn kí n kà á. Ojú ewé kan péré ni, ṣùgbọ́n ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ju ohun tí ó wà níbẹ̀ lọ. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè márùn-ún. Oṣù 3 náà, láti ọjọ́ tí mo sanwó ni àbí láti ọjọ́ tí mo wa ọkọ̀ jáde? Bí ó bá bàjẹ́, ṣé ẹ ó gba owó iṣẹ́ àbí ohun èlò nìkan ni ẹ gbọ̀wọ́ rẹ̀? Ṣé owó ni ẹ ó dá padà, àbí títúnṣe? Bí ó bá kú sí Lafia tàbí Makurdi, ta ni yóò sanwó ẹni tí yóò fà á wálé? Kí ni n kò gbọdọ̀ ṣe, kí ìwé yìí má baà di asán? Ọ̀gá wọn kọ́kọ́ bínú, ó ní èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò ka ìwé náà. Nígbà tí ó ṣe, ó mú kálàmù, ó kọ ọ́ sí i pé láti ọjọ́ tí mo bá wà á jáde ni, pé iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú rẹ̀, pé òróró kò sí nínú rẹ̀, pé owó fífà kò kan òun, pé ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ tú u. Ó gbà pé kí n san ìdajì owó lójú ẹsẹ̀, kí n san ìyókù lẹ́yìn oṣù kan. Báyìí ni owó ìdánwò àbúrò mi ṣe yọ nínú ìdajì kejì.

Ọ̀nà kejì ni mo yàn, ìrònú mi sì nìyí. Ìwé ìgbọ̀wọ́ kò sọ ọkọ̀ di tuntun. Ohun tí à ń rà nínú rẹ̀ ni pé kí ìpayà ọjọ́ iwájú kúrò ní ọrùn ẹni tí kò ní owó, kí ó bọ́ sí ọrùn ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà. Bí ìpayà náà bá kéré, kò yẹ kí á san owó ńlá nítorí rẹ̀. Bí ó bá tóbi ju agbára wa lọ, ó yẹ kí á san án, bí ẹni tí ń gbọ̀wọ́ bá jẹ́ ẹni tí a lè rí ní ọ̀la. Onígbọ̀wọ́ tí kò ní ìsọ̀, tí kò ní orúkọ lójú àdúgbò, ẹ̀fúùfù lásán ni.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, jíà náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Mo mú ìwé mi lọ. Wọ́n tú u, wọ́n rí i pé rọ́bà kan nínú rẹ̀ kò jókòó dáadáa, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọn kò sì gba owó iṣẹ́. Òróró nìkan ni mo rà, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ti kọ ọ́.

Nígbà tí oṣù 3 parí tí ọkọ̀ náà ń sáré bí ẹtu, mo lọ bá Bàbá Jọ́ọ̀sì pẹ̀lú ìwé tí mo ti ń kọ gbogbo ìnáwó sí. Mo ka a sí i létí láti òkè dé ilẹ̀. Láàárín ọdún kan, ohun tí mo ti ná ju ìdajì iye tí a lè ta ọkọ̀ náà lọ. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a tà á nísinsìnyí tí ara rẹ̀ yá, fún ẹni tí yóò wà á.” Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Nígbà tí wọn yóò sọ̀rọ̀, wọ́n ní, “Bí o bá máa tà á, má tan ẹni tí yóò rà á. Orúkọ mi ni ó wà lára rẹ̀ ní ìlú yìí.”

Ẹni tí ó wá rà á jẹ́ akọ̀wé tí ó ti fẹ̀yìn tì. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ ni ó kọ́kọ́ béèrè. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni ó máa ń jẹ́ lára ọkọ̀ òde òní. Bí a bá ṣe ọkọ̀ náà fún Amẹ́ríkà, ìkẹwàá nínú wọn ni yóò sọ ọdún rẹ̀. Ẹ má ṣe ra ọkọ̀ àlòkù láìwò ó. Nọ́ńbà yìí ni a fi lè mọ̀ bóyá àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ ti pè é padà nítorí àbùkù. Ọ̀ràn ẹ̀mí ni èyí. Àpò afẹ́fẹ́ tí ilé iṣẹ́ Takata ti Japan ṣe wọ inú ọkọ̀ Honda, Toyota, BMW àti ọ̀pọ̀ òmíràn. Ní Amẹ́ríkà nìkan, bíi mílíọ̀nù 67 ni wọ́n pè padà. Ooru àti ọ̀rinrin ni ó ń ba kẹ́míkà inú rẹ̀ jẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí yóò fi bú gbàmù tí yóò sì fọ́n irin sí ènìyàn lójú. Ta ni ó ní ooru àti ọ̀rinrin ju àwa tí a wà létí òkun Áfíríkà yìí lọ? Ọkọ̀ tèmi ti dàgbà ju ọ̀ràn yìí lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ọ̀kan nínú yín yóò rà lè má dàgbà jù ú.

Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé náà bi mí pé, “Ǹjẹ́ o lè gbọ̀wọ́ rẹ̀ fún mi?” Òfin ìdáàbòbò oníbàárà tí ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí ní ọdún 2019 fẹ́ kí ọjà dára tó fún iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà á, àyàfi bí a bá ti sọ ipò tí ó wà fún ẹni tí ń rà á, tí ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Mo jókòó, mo kọ gbogbo rẹ̀: wáyà tí a pààrọ̀, jíà tí a tú tò àti ọ̀sẹ̀ keje rẹ̀, òróró tí ń jò díẹ̀díẹ̀ ní abẹ́ ẹ́ńjìnnì tí n kò ì tí ì tún ṣe. Mo fi àwọn rìsíìtì àti bébà bàbá rìwáyà lé e. Mo ní, “Alàgbà, n kò lè gbọ̀wọ́ ọ̀la ọkọ̀ yìí, ṣùgbọ́n mo lè gbọ̀wọ́ àná rẹ̀.” Ó gé owó díẹ̀ kúrò nítorí òróró tí ń jò, ó sì san ìyókù.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe kórìíra ohun tí ó dára, ẹ má sì ṣe bẹ̀rù ohun tí ó ti gbó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi ọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ńlá, ẹ ka ìnáwó ọdún kan mọ́ iye rẹ̀. Ẹ gba ìgbọ̀wọ́ ní kíkọ, ẹ kà á kí ẹ tó sanwó. Ẹ máa kọ ohun gbogbo tí ẹ bá ṣe sí i sílẹ̀. Ìwé tí a kọ ní òtítọ́ ni onígbọ̀wọ́ kan ṣoṣo tí ó lè bá ọkọ̀ àlòkù dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò tún rà á. Àbúrò mi ti ṣe ìdánwò rẹ̀, ó yege. Akọ̀wé náà sì ń wa ọkọ̀ rẹ̀ kọjá níwájú ilé ẹ̀kọ́ wa ní òwúrọ̀, ó sì máa ń fun fèrè kí mi.